Ọ̀mọ̀wé Mẹ́fà tí Wọ́n Béèrè Iṣẹ́ Awakọ̀ Tírélà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ọdún 2012

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìròyìn kan jáde láti ilé-iṣẹ́ Dangote tí ó di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ọgbà yunifásítì títí dé gáréèjì. Ilé-iṣẹ́ náà ti kéde ṣáájú pé òun ń wá àwọn tí wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọn yóò máa wa tírélà sìmẹ́ǹtì, tí ibùdó wọn yóò sì jẹ́ Obajana ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Nǹkan bí 100 ni ipò tí wọ́n kéde. Ìwé ìbéèrè tí ó wọlé tó 13,000. Nígbà tí wọ́n ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí wọ́n ní oyè dìgírì àkọ́kọ́ lé ní 8,460, àwọn tí wọ́n ní oyè másítà jẹ́ 704, àwọn mẹ́fà sì wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní PhD.

Àwọn mẹ́fà yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á fi ohun kan sí àyè rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí ó gba àwọn ìwé náà ni ó kà wọ́n, ohun tí olùbéèrè sì sọ nípa ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiyèméjì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ yọ ẹnì kan tàbí ẹni méjì kúrò nínú àwọn mẹ́fà náà, ọ̀rọ̀ kò yí padà, nítorí pé àwọn oní-másítà 704 ṣì dúró níbẹ̀, láàárín irú wọn gan-an ni a sì ti ń rí àwọn tí ń lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Mẹ́fà nínú 13,000 lè dà bí ẹni pé kò tó nǹkan lójú ẹni tí kò mọ ohun tí oyè náà ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ti dìgírì àkọ́kọ́, bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò bá fà á gùn. Ọdún kan ni ti àgùnbánirọ̀. Másítà ń gba ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì lórí ìwé. Lẹ́yìn èyí ni oyè ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀, tí ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi ọdún mẹ́ta sí, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó bá parí rẹ̀ ní ọdún márùn-ún ní yunifásítì ìjọba yóò máa dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ láti àpò ara wọn, tí wọ́n ń ra kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, tí wọ́n ń sanwó ọkọ̀ fún àwọn tí ó ń bá wọn lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará abúlé lẹ́nu wò, tí wọ́n sì ń tún àpilẹ̀kọ wọn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kí àwọn olùdánwò tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ènìyàn bá fi máa rin ọ̀nà yìí já, ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ó ti di ọkọ tàbí ìyàwó, ó ti di òbí, àwọn òbí tirẹ̀ sì ti dàgbà dé ibi tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n béèrè náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀tẹ́, mi ò sì ní kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀tẹ́ ni. Awakọ̀ tírélà ni ó ń gbé ohun tí a ń jẹ àti ohun tí a fi ń kọ́lé dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2012 yẹn, iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń gbòòrò gidigidi: ní oṣù kejì ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Ibese ní ilẹ̀ Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí ó di oṣù kẹfà, wọ́n ṣí apá tuntun sí ti Obajana. Sìmẹ́ǹtì tí ó ń jáde pọ̀, ó sì nílò ẹni tí yóò gbé e dé ọjà. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà ni Graduate Executive Truck Driver, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé awakọ̀ lè di oní-ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti rìn dé iye ibùsọ̀ tí wọ́n dá fún un. Ẹni tí kò ní iṣẹ́, tí ó ní ìdílé, tí ó rí iṣẹ́ tí owó-oṣù rẹ̀ dájú tí ó sì lè fi di oní-ǹkan, tí ó wá béèrè rẹ̀, ó ronú bí àgbàlagbà ṣe ń ronú. Èmi kò rí ibi tí a ti lè bá àwọn mẹ́fà náà wí.

Àwọn kan bá wọn wí nígbà náà. Bí àwọn tí ń bínú sí ìjọba ṣe ń sọ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń sọ pé ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò jinlẹ̀, pé bí wọ́n bá mọ nǹkan kan ni, iṣẹ́ ni ì bá máa wá wọn kiri. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde ní ọdún kan náà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí ariwo àwọn awakọ̀ tírélà kò tíì rọlẹ̀ tán, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yàn láti yẹ yunifásítì ìjọba wò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu jẹ́ alága rẹ̀, jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn gómìnà gbogbo ti ń jókòó. Olùkọ́ 37,504 ni wọ́n kà ní yunifásítì ìjọba. Àwọn tí wọ́n ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú wọn jẹ́ 16,127, ìyẹn 43 nínú 100. Ní àwọn ibì kan, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lọ́rùn olùkọ́ kan kọjá sísọ: ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ 114 ni wọ́n kọ sílẹ̀, ní ti Àbújá, olùkọ́ kan sí 122. Bẹ́ẹ̀, àjọ NUC tí ó ń mójú tó yunifásítì ti ń sọ ọ́ ṣáájú ìgbà náà pé oyè ọ̀mọ̀wé ni ó yẹ kí ẹni tí yóò máa kọ́ni ní yunifásítì ní. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ tí wọ́n lé ní 21,000 ni wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ láìní oyè tí òfin ń béèrè, nígbà tí àwọn tí wọ́n ní in ń kọ̀wé sí Obajana.

Báwo ni àìtó ọ̀mọ̀wé àti àìríṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ṣe wà pọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní ọdún kan náà? Nítorí pé àìní lọ́tọ̀, àyè iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀ka kan ní yunifásítì lè nílò olùkọ́ mẹ́wàá kí ó má sì ní àyè fún ẹyọ kan, nítorí pé àyè iṣẹ́ kò sí àfi níbi tí owó-oṣù bá ti wà fún un nínú ìwé ìṣúná. Olórí ẹ̀ka yóò kọ̀wé sí díìnì, díìnì yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ gíwá, gíwá yóò gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ olùdarí, ìgbìmọ̀ yóò sì wo ohun tí Àbújá tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ fún owó-oṣù. Bí owó náà kò bá ju ti àwọn tí ó wà nílẹ̀ lọ, ìwé olórí ẹ̀ka yóò sùn sínú fáìlì. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba kó àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sábẹ́ ètò owó-oṣù tí wọ́n ń pè ní IPPIS. Nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ ètò yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti dé orí kọ̀ǹpútà ní Àbújá kì í gba kọ́bọ̀, ì báà jẹ́ pé yunifásítì ti fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí ó sì ti ń wọ kíláàsì lọ kọ́ni ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà sọ. Àwọn tí wọ́n wà nípò láìní oyè náà kì í ṣe ẹni tí a lè lé lọ, kò sì tọ́ kí á lé wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti fi ọdún pípẹ́ sin ẹ̀ka wọn. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé àjọ TETFund, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè lọ gba oyè náà. Ètò gidi ni, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yunifásítì nìkan ni owó yìí wà fún. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ gba oyè láti ìta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń fi ọdún mẹ́rin àti owó ìlú kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí òun ti kọ́ tán. Mi ò sọ pé kí wọ́n pa ètò náà rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó fi àwọn tí ó wà níta sínú ìṣirò nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àyè bá tilẹ̀ ṣí. Ìpolówó yóò jáde nínú ìwé ìròyìn fún ipò Lecturer II, tí ó jẹ́ ibi tí ọ̀mọ̀wé tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ní kí olùbéèrè mú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wá, 15 nígbà mìíràn, 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin náà yóò dúró nídìí ẹ̀rọ fótókọ́pì títí iná yóò fi lọ, yóò sì dúró de jẹnẹrétọ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí yóò wà nísàlẹ̀, ìwé WAEC lórí rẹ̀, ìwé àgùnbánirọ̀, ìwé-ẹ̀rí dìgírì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ àwọn mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí sí i, lẹ́yìn náà àtòjọ iṣẹ́ tí ó ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùwádìí, èyí tí ó sanwó fún títẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yóò di gbogbo rẹ̀ sínú àpò Ghana-must-go, yóò wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí ìlú tí yunifásítì náà wà, yóò gbé e fún akọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà, akọ̀wé yóò sì lu òǹtẹ̀ sí ẹyọ kan láti fi hàn pé ó wọlé. Oṣù mẹ́fà lè kọjá láìsí lẹ́tà kankan. Bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lè bá ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀ka náà láìgbowó láti bí ọdún kan níbẹ̀, tí ẹ̀rí-ọkàn kò jẹ́ kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ gbé ipò náà fún ẹlòmíràn.

Ní ìta yunifásítì, àwọn ìlẹ̀kùn mìíràn ti ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń gba ọ̀dọ́ láti kọ́ níṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé olùbéèrè kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 26 tàbí 28 lọ. Ọmọ ọdún 38 tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé kò lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè wọ ipò ọ̀gá, nítorí pé kò tíì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rí. Bí ó bá dé iwájú ẹni tí ń gbani síṣẹ́, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìwé rẹ̀ ti ga jù fún iṣẹ́ wọn, pé kò ní pẹ́ tí yóò fi sá lọ. Àwọn ilé ìwádìí ìjọba wà, bí CRIN ti kòkó ní Ìbàdàn, FIIRO ti ìmọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Oṣòdì àti NIMR ti ìṣègùn ní Yábàá, ṣùgbọ́n àpò kan náà tí ó ń bọ́ yunifásítì ni ó ń bọ́ wọn, bí ọ̀kan bá sì gbẹ, èkejì náà gbẹ. Àwọn yunifásítì aládàáni, tí mẹ́ta àkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1999, ti gba àwọn kan, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn kí ọ̀mọ̀wé wá kọ́ kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì, kí wọ́n sanwó kọ́ọ̀sì náà fún un, kí ó máa lọ, láìsí owó ìfẹ̀yìntì, láìsí ìsinmi tí a sanwó rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì tí ń ta ọjà ńláńlá fún wa sì sábà máa ń ṣe ìwádìí wọn ní ìlú tí wọ́n ti wá. Nígbà tí àjọ ìṣirò NBS sọ pé àìríṣẹ́ṣe ní Nàìjíríà jẹ́ 23.9 nínú 100 ní ọdún 2011, inú ìdààmú gbogbogbòò yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún wọn kéré ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ibì kan wà níbi tí mo gbà pé ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ àwa tí a wà nínú ìmọ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ń kọ́ ọmọ tí ó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ náà sì ni iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí omi kànga ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, bí àpẹẹrẹ, ti ṣètò ìrìnàjò, ó ti bá ọba àti baálẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ agbègbè wọn, ó ti darí àwọn tí ó bá a gbé omi, ó ti ná owó tí kò tó débi tí ó tó, ó ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbájáde, ó sì ti kọ ìwé tí ó lé ní 200 ojú ewé tí àwọn tí ó le koko kà tí wọ́n sì fọwọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe omi inú ọ̀rá, iléeṣẹ́ ètò omi ìpínlẹ̀, àwọn àjọ aláàánú tí ń gbẹ́ kànga, gbogbo wọn ni ó nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ wò, ojú ewé mẹ́rìnlá ni, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì ju orúkọ jọ́nà, orúkọ àpérò àti ọdún lọ. Kò sí ìlà kan tí ó sọ ohun tí ó lè ṣe. Olùdarí ìwádìí rẹ̀ kò sọ fún un rí pé kí ó kọ ọ́, nítorí pé òun náà kò ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn rí, ọ̀nà tí ó gbà dé ibi tí ó wà nìkan ni ó sì mọ̀ láti fi hàn.

Níbi tí nǹkan ti dára, a lè rí ìdí tí ó fi dára. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, owó ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ń wọlé sí i fún ẹ̀gẹ́, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ọmọ Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nídìí ohun tí wọ́n kọ́. Ní Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer, ibùdó ACEGID, tí ń ṣe ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí dìde pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2014 pé Ebola ni àrùn tí àlejò kan gbé wọ Èkó, àwọn sì ni wọ́n kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò àrùn Kòfíìdì ní ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2020. Irú àwọn tí àwọn kan ní ìwé wọn kò jinlẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí Obajana ni pé owó wà lábẹ́ ipò wọn, ẹ̀rọ wà lórí tábìlì wọn, ìṣòro gidi kan sì wà tí ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n yanjú. Àbùkù tí mo rí sí i ni pé owó iṣẹ́ àkànṣe ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ àkànṣe bá parí, ọ̀mọ̀wé náà tún di olùwáṣẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní kò sí ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, ó sì ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society, ní Ìlú Ọba gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2010, tí ó fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, 53 ni yóò kúrò nídìí sáyẹ́ǹsì ní kété tí wọ́n bá parí. Nǹkan bí 3.5 ni yóò dé ipò olùwádìí tí ó dúró ṣinṣin ní yunifásítì, ẹni tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n kò sì pé ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn 53 yẹn ní ibi tí wọ́n ń lọ: ilé-iṣẹ́ oògùn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ọ́fíìsì ìjọba, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kódà àwọn òfin ìwọ̀lú wọn ń fa ọ̀mọ̀wé mọ́ra. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà lásán kò lè mú ọkọ, aya àti ọmọ lọ́wọ́ lọ sí Ìlú Ọba mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ṣì lè mú wọn lọ, bí ó bá sì parí, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń fún un láti wáṣẹ́. Àwọn ọmọ wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, tí ìjọba sì dá owó-oṣù wọn dúró, tí ó sì jẹ́ pé àdéhùn owó-oṣù ọdún 2009 ni wọ́n ṣì ń lò, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí wọ́n di ẹrù wọn lọ kò lóǹkà. Àwọn tí wọ́n ní àyè iṣẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ yìí. Ó yẹ kí èyí ṣí àyè fún àwọn tí wọ́n wà níta, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, orúkọ ẹni tí ó lọ ni wọ́n yọ, wọn kò sì fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yakubu ti ọdún 2012 kò ṣàì ní àtúbọ̀tán. Ó wà lára ohun tí ó wà lábẹ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013 tí ó sì parí ní oṣù kejìlá, èyí tí ìjọba fi gbà láti pín tírílíọ̀nù 1.3 náírà fún yunifásítì ìjọba ní ọdún mẹ́fà. Bílíọ̀nù 200 àkọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ó bá wọ ọgbà yunifásítì wa lónìí yóò rí ilé tí wọ́n kọ NEEDS Assessment, orúkọ àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà, sí lára, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Mo dúpẹ́ fún àwọn ilé náà, nítorí pé mo mọ bí nǹkan ṣe rí kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kọ àìtó olùkọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ àìtó ilé, bíríkì sì ni owó náà bá lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ pinnu pé kí yunifásítì kúrò lábẹ́ IPPIS. Ìdènà kan kúrò lọ́nà nìyẹn, ó kù kí owó-oṣù àwọn ipò tuntun wọ inú ìṣúná.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn alákòóso fún kò pọ̀. Bí TETFund ṣe ń sanwó kí olùkọ́ lè lọ gba oyè, kí ó ya apá kan sọ́tọ̀ tí yóò máa san owó-oṣù ọdún mẹ́ta fún ọ̀mọ̀wé tí kò níṣẹ́, ní yunifásítì tí ó bá fi ọwọ́ sí i pé òun yóò gbà á lẹ́yìn náà. Owó tí wọ́n fi rán ẹnì kan lọ sí òkè òkun fún ọdún mẹ́rin nígbà kan lè ṣe èyí fún ju ẹnì kan lọ. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń mójú tó oyè gíga ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lo oṣù mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní àjọ aláàánú kan kí ó tó gbèjà àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ lè mọ̀ ọ́n kí ó sì lè jẹ́rìí sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti forúkọ sílẹ̀ fún oyè náà lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ bá olùdarí tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni àwọn tí ó ti darí wà. Olùdarí rere kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Ìbéèrè yìí kan náà ni ó yẹ kí àjọ NUC máa béèrè nígbà tí wọ́n bá wá yẹ ẹ̀ka wò láti mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ó máa fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n máa ń ka ìwé inú ilé ìkàwé, wọ́n máa ń ka olùkọ́ àti ẹ̀rọ. Kí wọ́n ka àwọn tí wọ́n gba oyè níbẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún tí ó kọjá, kí ẹ̀ka sì fi ìwé hàn nípa iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti ibi tí ó ti ń ṣe é. Ẹ̀ka tí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n má fún un ní àṣẹ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kún èyí tí ó ní, títí yóò fi lè dáhùn.